Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní kí a mú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wá sí kóòtù ọmọdé

Ìyá Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀dọ̀ mi ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé, ọmọ ọdún 15 ni. Wọ́n mú un pẹ̀lú àwọn ọmọkùnrin kan tó jù ú lọ, wọ́n ní wọ́n bá fóònù olóhun lọ́wọ́ wọn. A ti gba bélì rẹ̀, wọ́n sì ti dá ọjọ́ fún wa ní Family Court l'Ékòó níbí. Ọkọ mi ní kí n jẹ́ kó dá lọ, kó lè kọ́gbọ́n. Aládùúgbò wa ní kí n kó àwọn ará ìjọ lẹ́yìn. Ẹlòmíì ní kó yáa gbà pé òun jẹ̀bi kí ọ̀rọ̀ lè tètè parí. N ò rí oorun sùn mọ́. Ṣé wọ́n lè rán an lọ sẹ́wọ̀n? Kí ni kí n mú dání?

Lọ́yà Èwe
Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ má jẹ́ kó dá lọ rárá. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ jáde lọ́dún 2007, fún òbí àti alágbàtọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀, kóòtù sì lè ní dandan ni kí wọ́n wá. Ẹ sọ fún Bàbá pé bí adájọ́ ò bá rí ẹni tó máa mú ọmọ lọ sílé, ó ṣòro fún un láti dá a padà sílé.

Ẹ fi ìjọ sílẹ̀. Àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn nìkan ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé, oníròyìn pàápàá ò gbọdọ̀ wọlé. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ gbé orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ tàbí ilé ìwé rẹ̀ jáde, nítorí náà ẹ kìlọ̀ fún ẹbí kí wọ́n má gbé e sórí WhatsApp.

Òfin ò gbà kí wọ́n rán ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lọ sẹ́wọ̀n, kò sì gbà kí wọ́n nà án. Adájọ́ lè da ẹjọ́ náà nù, ó lè fi ọmọ sábẹ́ àbójútó òṣìṣẹ́ wẹ́líféà, ó lè ní kí òbí san owó ìtanràn. Ilé àtúnṣe bí ti Oregun ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Kó má sì gbà pé òun jẹ̀bi kó tó rí lọ́yà. Ọ̀fẹ́ ni lọ́yà ọmọdé lọ́dọ̀ OPD (Office of the Public Defender), ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń gbèjà ará ìlú ní kóòtù, àti Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀.

Màmá Ìbejì
Ìwé ọjọ́ ìbí, ẹ jọ̀ọ́! Ọmọ àbúrò mi ga bí òpó iná. Tẹ́ṣàn tí wọ́n mú un lọ kọ ọdún 19 sílẹ̀ fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù àwọn àgbàlagbà. Ìwé ọjọ́ ìbí ló gbà á sílẹ̀. Gbogbo ohun tí Lọ́yà kọ sókè yìí, ọjọ́ orí ló so ó ró. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ wá káàdì ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìwé ìrìbọmi. Ẹ ṣe ẹ̀dà wọn, kí ojúlówó má kúrò lọ́wọ́ yín.

Bàbá Wẹ́líféà
Iṣẹ́ yìí ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí adájọ́ tó pinnu, òṣìṣẹ́ wẹ́líféà máa wádìí ilé yín, ilé ìwé rẹ̀, àti bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀, á sì kọ ìwé fún kóòtù. Ìwé yẹn wúwo gan-an. Ẹ má purọ́ fún un nítorí kí ilé yín lè dára lójú rẹ̀. Bí ọmọ ń sá nílé ìwé, ẹ sọ. Ẹni tó gbà pé ìṣòro wà, tó sì ní ètò nílẹ̀, ni a máa ń fọkàn tán: ta ni yóò máa wò ó lẹ́yìn ilé ìwé, ta ni yóò yọ ọ́ lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin yẹn? Tí wọ́n bá bi ọmọ ní ìbéèrè, ẹ dákẹ́, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó dùn mí púpọ̀ bí àwọn òbí ṣe máa ń bo ọmọ lóhùn.

Ìyá Ìkòròdú
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹni tó ni fóònù ní bí a bá sanwó, òun á jáwọ́. Ṣé kí a wá má lọ mọ́?

Lọ́yà Èwe
Ẹ lọ o! Òfin gbà kí ọlọ́pàá tàbí agbẹjọ́rò ìjọba parí irú ẹjọ́ kékeré yìí láìsí ìgbẹ́jọ́, àmọ́ lọ́yà yín ni kó bá wọn sọ ọ́, ẹ sì gba ìwé sísan owó. Àdéhùn ẹnu ò pa ọjọ́ kóòtù rẹ́.

Ìyá Ìkòròdú
Mo ti gbọ́, Sà. Mo ti pe ẹ̀gbọ́n mi l'Ọ́yọ̀ọ́, ó ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí. Ọ̀dọ̀ OPD ni mò ń lọ láàárọ̀ ọ̀la.