Bàbá ń ṣàìsàn, àwọn ọmọ ní ká má sọ fún un: báwo ni mo ṣe máa ro ọ̀rọ̀ yìí já?

Àbẹ̀kẹ́ (Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ẹ jọ̀wọ́, ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń kọ́ níbí. Ní sáà yìí, wọ́n ń kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó tọ́ nígbà tó bá jọ pé ọ̀nà méjèèjì dáa. Olùkọ́ wa wá fún wa ní ìtàn kan.

Bàbá ẹni ọdún 74 wà ní wọ́ọ̀dù. Àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ ni, ó sì ti tàn káàkiri ara. Àwọn ọmọ pe dókítà sẹ́yìn, wọ́n ní kó má sọ fún Bàbá, kó ní ọgbẹ́ inú ni. Nígbà tó di òru, Bàbá pe nọ́ọ̀sì: "Ọmọ mi, kí ló ń ṣe mí gan-an?" Kí ni nọ́ọ̀sì máa ṣe?

Olùkọ́ ní ẹ̀yìn ẹni tó bá wù wá ni ká wà, pé ìdí tí a bá mú wá ló máa fún wa ní máàkì, àti bí a bá ṣe dá ẹni tó ta kò wá lóhùn. Ó tún ní "àṣà wa ni" kò tó, "ìwé mímọ́ ló sọ bẹ́ẹ̀" náà kò tó.

Ibẹ̀ ló ti dùn mí. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, a kì í dárúkọ ikú létí aláìsàn. Ó wá dà bíi pé àfi kí n da ẹ̀kọ́ ilé nù kí n tó yege. Mi ò fẹ́ dà á nù, mi ò sì fẹ́ kọ ohun tí kò ti inú mi wá. Ọ̀nà wo ni kí n gbé e gbà?

Àkànní Lágere:
Àbúrò, má da ara ẹ láàmú. Kọ ọ́ pé aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Gba máàkì ẹ.

Ìyá Ìbejì:
Àkànní, èyí kọ́ ló béèrè o. Ọmọ yìí máa di nọ́ọ̀sì. Irú Bàbá yẹn máa pè é lóru ọjọ́ kan, olùkọ́ kankan ò sì ní sí níbẹ̀.

Ará Mòòrè:
Àbẹ̀kẹ́, o kú iṣẹ́. Fílọ́sọ́fì ni mo kà, nítorí náà jẹ́ kí n sọ bó ṣe yé mi. Kò sẹ́ni tó ní kó o da ẹ̀kọ́ ilé nù. Ohun tí olùkọ́ ń wí ni pé kó o bi àṣà náà léèrè: kí ló dé tí àwọn àgbà fi ń fi í pamọ́? Èmi gbọ́ ìdí mẹ́ta. Wọ́n ní ìbẹ̀rù lè pa á kí àìsàn tó pa á. Wọ́n ní ẹbí ló ni ẹrù, kì í ṣe ẹnì kan. Wọ́n sì ní ohun tí a bá fẹnu pè lè wá ṣẹ mọ́ni lára. Má dà wọ́n pọ̀, nítorí ọ̀nà tí a fi ń wádìí wọn kò pa pọ̀. Èyí àkọ́kọ́, ẹ̀rí ló ń fẹ́: ṣé lóòótọ́ ni ẹni tó bá gbọ́ máa ń tètè kú? Èyí kejì, ta ló ni ìròyìn ara ẹni? Èyí kẹta jẹ́ ti ìgbàgbọ́. Bí Bàbá fúnra rẹ̀ bá gbà á, ó wúwo nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí kò bá gbà á, ẹ ò lè gbà á fún un.

Ìkejì, ya ohun tí nọ́ọ̀sì mọ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí wọ́n sọ fún un. Yunifásítì Ilé-Ifẹ̀ yìí náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, àwọn onímọ̀ fílọ́sọ́fì, ti ṣiṣẹ́; wọ́n jókòó ti àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Yorùbá, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1986. Àwọn bàbá oníṣègùn yẹn ní ohun tí ojú ẹni rí tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí ni a mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fúnni, a kàn gbà á gbọ́ ni. Ẹni tó bá sọ pé ríronú jinlẹ̀ kì í ṣe tiwa, ẹ sọ ti àwọn wọ̀nyí fún un.

Kí wá ni nọ́ọ̀sì mọ̀? Ó mọ èsì àyẹ̀wò, ó mọ̀ pé Bàbá béèrè. Pé Bàbá ò ní lè gbà á mọ́ra, wọ́n sọ ọ́ fún un ni. Ta ló sọ ọ́? Àwọn ọmọ. Ta ló bi Bàbá? Kò sí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ní ti ẹni tó ta kò ọ́, èyí tó lágbára jù nínú wọn ni kó o mú. Bó o bá ní ká sọ ọ́, má kàn kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ń rẹ́ Bàbá jẹ. Mú ọmọ tí ìyá rẹ̀ gbọ́ irú ìròyìn yìí tí kò fi oúnjẹ kanu mọ́, kó o dá ìyẹn lóhùn. Bó o bá ní ká fi pa mọ́, dá Kant, onímọ̀ fílọ́sọ́fì ilẹ̀ Jámánì, lóhùn. Ní 1797, ó kọ ọ́ pé irọ́ kò tọ́, kódà sí apànìyàn tó ń béèrè ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ sá sí. Èmi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo ní láti sọ ìdí tí mi ò fi gbà.

Nọ́ọ̀sì Iléṣà:
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ẹnu iṣẹ́ kún un. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè wa ti 2014, abala 23, ní ká sọ bí ara aláìsàn ṣe rí fún un, àyàfi tí ẹ̀rí tó lágbára bá wà pé sísọ ọ́ máa lòdì sí àǹfààní rẹ̀. Ẹ̀rí ni òfin wí, kì í ṣe ìbẹ̀rù àwọn ọmọ. Ó tún ní, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, kó jẹ́ ní èdè tó yé e.

Kì í ṣe nọ́ọ̀sì ló máa dá nìkan ké orúkọ àìsàn lóru. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa fa àga, mo máa jókòó kí ojú wa lè ṣe gẹ́gẹ́, màá ní: "Bàbá, kí lẹ̀yin fúnra yín rò pé ó ń ṣe yín? Ṣé ẹ fẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, àbí ẹ fẹ́ ká bá ẹnì kan sọ ọ́?" Bàbá kan di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ọmọ mi, ara mi ni, mo ti mọ̀." Ohun tó ń wá ni àyè láti sọ fún àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe máa pín oko kòkó rẹ̀. Àwọn ọmọ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń dáàbò bò ó.

Alàgbà Ìjẹ̀ṣà:
Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ rọra. Ojú mi ló ṣe: ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ tiẹ̀, ó kọjú sí ògiri, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi lọ.

Ará Mòòrè:
Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ fojú ara yín rí i, ẹnikẹ́ni ò lè bá yín jiyàn lórí ẹ̀gbọ́n yín. Àbẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ Bàbá yìí gan-an ni kó o fi ṣe àtakò tó o máa dáhùn. Ìbéèrè tó kù ni bóyá ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n wọn máa ṣe Bàbá inú ìtàn, àti bóyá gbígbọ́ ló fa ìyẹn àbí bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

Àbẹ̀kẹ́:
Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Ọ̀nà ti là. Màá kọ ọ́ pé nọ́ọ̀sì ò gbọdọ̀ purọ́ ọgbẹ́ inú, kò sì gbọdọ̀ já ìròyìn lu Bàbá lóru. Kó kọ́kọ́ bi Bàbá bó ṣe fẹ́ gbọ́ ọ tó, kí dókítà wá jókòó tì í lówúrọ̀. Ti ẹ̀gbọ́n Alàgbà ni màá fi ṣe àtakò, bí wọ́n bá yọ̀ǹda.

Alàgbà Ìjẹ̀ṣà:
Mo yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n bí Bàbá bá ní "ẹ bá àkọ́bí mi sọ ọ́, èmi ò fẹ́ gbọ́" ńkọ́?

Àbẹ̀kẹ́:
Màá bá àkọ́bí sọ ọ́, sà. Bàbá fúnra wọn ló fi lé e lọ́wọ́ nígbà yẹn.