Apá òsì sónà ń ṣú lórí adágún Kainji

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Ọkọ̀ onígi kan tó rì la ń wá nítòsí New Bussa, torí àwọ̀n àwọn apẹja ń ya mọ́ ọn lára. Omi ibẹ̀ jìn tó mítà 14. Sónà tó ń wo ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán ìsàlẹ̀ omi lápá ọ̀tún àti òsì ọkọ̀, ni mò ń lò: ìró 455 kHz, ó ń wo mítà 30 lápá kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ ń rìn ní kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Apá ọ̀tún àwòrán náà mọ́ kedere, òjìji kùkùté igi ń hàn gbọọrọ. Apá òsì ṣókùnkùn, ó sì ní ìlà wínníwínní.

Mo ti fún sónà náà ní bátìrì tirẹ̀, mo fa wáyà rẹ̀ jìnnà sí ti ẹ́ńjìnì, mo nu ojú transducer, ìyẹn ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ta ìró sínú omi, tó sì ń gbà á padà. A gbé ẹ́ńjìnì sókè, a fi àjẹ̀ wa ọkọ̀: ìlà yẹn lọ, òkùnkùn ò lọ. A yí padà gba ojú ọ̀nà kan náà, òsì náà ló tún ṣú. Kì í ṣe ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi nìyẹn.

Ẹ̀yìn ọkọ̀, lápá ọ̀tún ẹ́ńjìnì, ni transducer wà. Ojú rẹ̀ bá ìdí ọkọ̀ dọ́gba. Ṣé ìdí ọkọ̀ ló ń dí i? Sẹ̀ǹtímítà mélòó ni kí n fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ bóyá apá òsì rẹ̀ ti kú, kí n tó ra òmíràn?