Iṣẹ́ ń yá nílé, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Àbújá, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mò ń gbé, ọ́fíìsì wa wà ní Wuse. Látìgbà tí epo ti wọ́n ní 2023, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni mò ń ṣiṣẹ́ nílé. Láàárọ̀, kí àwọn ọmọ tó ti iléèwé dé, iṣẹ́ máa ń yá mi lọ́wọ́ ju ti ọ́fíìsì lọ, torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò tíì tán mi lókun.

Ìyá ọkọ mi ló wá kù. Lójú wọn, ẹni tó wà nílé ò níṣẹ́. Mo lè wà nínú ìpàdé, kí wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣa ẹ̀wà. Mo fẹ́ràn wọn gan-an, n ò fẹ́ rí wọn fín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ìyàwó ilé tó ti rí irú ẹ̀ rí, báwo lẹ ṣe sọ ọ́ tí kò dìjà?