Ìdáhùn: "Ìjíòrìṣà" kò bá a mu, "àjíkẹ́" ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó dábàá "ìjíòrìṣà" gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ìsìn ìdájí ní tẹ́ḿpìlì Jagannath, òrìṣà àwọn Híńdù, ní Puri, lórílẹ̀-èdè Índíà, mo júbà yín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò wọ̀ mí létí. "Jí" ló bà á jẹ́. Ká jí ẹni tó sùn, ká jí ohun olóhun, ohùn òkè kan náà ni. Ta ni yóò ka "wọn a máa jí òrìṣà láràárọ̀" tí ọkàn rẹ̀ ò ní lọ sọ́dọ̀ olè? Olè ọ̀hún kì í sì í ṣe àlá: ère òrìṣà Nataraja ti Pathur, ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní Índíà kan náà, dé London kó tó padà sílé ní 1991.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe ní Puri gan-an. Bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, wọn á fi iná àtùpà kí àwọn òrìṣà náà, ìyẹn ni Mangala Arati. Wọn á wá fọ eyín fún Jagannath, fún Balabhadra ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti Subhadra àbúrò wọn. Igi dóńgóyárò tí wọ́n kùn lọ́dà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí náà àwòrán wọn inú dígí ni wọ́n ń wẹ̀. Aṣọ tẹ̀ lé e, oúnjẹ, oorun ọ̀sán, títí kan ibùsùn alẹ́. Ọjọ́ kan lọ́dún ni wọ́n ń da ìkòkò omi 108 lé wọn lórí ní gbangba. Wọ́n gbà pé ibà a mú wọn lẹ́yìn náà, wọn a wọlé fún nǹkan bí ọjọ́ 15, wọn a máa gba egbòogi. Ibo ni "bọ" wà níbẹ̀? Ibo ni "rú"? Kẹ́ ni wọ́n ń kẹ́ wọn!

Oríkì ni ìyá mi àgbà fi ń jí wa, "Àjíkẹ́" á ti dún kí omi ìbọ́jú tó dé. Ibẹ̀ ni mo ti mú "àjíkẹ́" fún ìsìn náà. Ẹni tó ní orúkọ ọmọbìnrin ni, pé ènìyàn nìkan ni "à-" ń bí, kó fi ẹni tó ń jẹ́ "àlàyé" tàbí "àsọyé" hàn mí.

Ní ti "ọdún kẹ̀kẹ́-ẹṣin" tí wọ́n tún dábàá fún Ratha Yatra, ọdún tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé àwọn òrìṣà náà jáde, mi ò gbà. Ọkọ̀ Jagannath ní ẹsẹ̀ 16, ẹṣin igi ni wọ́n so mọ́ ọn, ènìyàn ló ń fi okùn fà á dé tẹ́ḿpìlì Gundicha. Fífà yẹn ló yẹ kó wà nínú orúkọ ọdún náà. Ẹ bá mi dá sí i.