Èébú àtijọ́ ní Ìlú Ọba: èwo la ń rẹ́rìn-ín sí, èwo la ń kọ sílẹ̀?

Ará titun, Sheffield
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà níbí ń gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé: "daft ha'p'orth", "wazzock", "pillock", "silly moo". Àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí a jọ ń ṣiṣẹ́ gan-an kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ wọ́n. Èwo ni àwàdà, èwo ni èébú gidi? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé fún wa.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Káàbọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká ti orí "ha'p'orth" bẹ̀rẹ̀. Ohun tí éépìnnì kan lè rà nìyẹn, éépìnnì tí àwọn bàbá wa náà ná láyé òyìnbó, 480 rẹ̀ nínú pọ́n-ùn kan. Ní 1969 ni wọ́n fòpin sí náná rẹ̀ níbí, ṣùgbọ́n èébú rẹ̀ ò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ ní Yorkshire àti Lancashire. Wọn kì í pe "h" rẹ̀. Ohun tí ẹ máa gbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí "épẹ̀tì". Ìfẹ́ ló pọ̀ nínú rẹ̀, bí ìyá àgbà tó ń sọ pé "ọmọ yìí ò gbọ́n rárá" tó sì tún ń bu ẹran kún oúnjẹ ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú èébú ni kí ẹ máa tẹ́tí sí ju èébú fúnra rẹ̀ lọ. "Daft" àti "silly", tí méjèèjì jẹ́ "aláìgbọ́n", máa ń rọ̀ ọ́: "daft wazzock" (òmùgọ̀ ni "wazzock"), "silly sausage". "Poor" máa ń sọ ọ́ di àánú, "poor sod" ni ẹni tí ìyà ń jẹ. "Right" ń báni wí: "a right wally", òmùgọ̀ gidi. Tó bá di "bloody" tàbí "stupid", inú ti ń bí i nìyẹn. "Pillock" (òmùgọ̀ náà ni) nìkan, láìsí ohunkóhun níwájú rẹ̀, tí wọ́n sọ ọ́ jáde lójijì lójú títì, ìbínú ni.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Peckham
London yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ yín lókè yẹn. Níbí, "wally", "plonker", "prat", "berk" àti "a right charlie" ni ti àwọn tó ti lé ní àádọ́ta ọdún; òmùgọ̀ ni gbogbo wọn. Only Fools and Horses, eré BBC tó bẹ̀rẹ̀ ní 1981, ló gbé "plonker" ká gbogbo ìlú. Peckham wa yìí ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, Rodney àbúrò Del Boy ló sì ń jẹ èébú náà jù. "Muppet" àti "donut" (òmùgọ̀), "melt" (ẹni tí kò láyà), "wasteman" (aláìwúlò) ni ti àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ọmọ ọdún 25 tó bá pe ẹnìkan ní "plonker" ń fi ohùn bàbá rẹ̀ ṣeré ni.

Ẹ ṣọ́ra fún "berk". Lónìí kò ju òmùgọ̀ lásán lọ, ṣùgbọ́n àdàpè ni. Àwọn ará London àtijọ́ máa ń wá gbólóhùn tí ìparí rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn wọn dún pọ̀, wọ́n á sì gé ìparí ọ̀hún sọnù. "Berkeley Hunt" tàbí "Berkshire Hunt" ni odindi rẹ̀. Ohun tí "Hunt" bá dún pọ̀, ẹ fọkàn rò ó, èébú tó burú jù ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń lò ó ò tilẹ̀ mọ̀. Ìpè rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀kì", ṣùgbọ́n "Báàkṣà" ni wọ́n ń pe Berkshire tí ìlú Reading wà.

Olùkọ́, Croydon
Ibi tí àwa fúnra wa ti máa ń kọsẹ̀ ni kí n fi kún un. Gẹ̀ẹ́sì tí a gbé láti ilé ìwé ní "nincompoop", "scallywag" àti "imbecile" nínú, bákan náà la sì ṣe ń jù wọ́n lu ọmọ. Níbí, méjì àkọ́kọ́ ti di ẹ̀rín; ọmọ kíláàsì á rò pé inú ìwé ìtàn ọmọdé lẹ ti mú un. "Imbecile" kì í ṣe ẹ̀rín. Òfin kan tí wọ́n ń pè ní Mental Deficiency Act, ti 1913, fi "idiot", "imbecile" àti "feeble-minded" ṣe ìpele tí wọ́n ń pín àwọn tí làákàyè wọn kò pé sí, títí dé orí ẹni tí wọ́n lè tì mọ́ ilé ìtọ́jú. "Idiot" ti bọ́ lábẹ́ ẹrù yẹn, ojoojúmọ́ ni òyìnbó ń fi pe ara rẹ̀. "Imbecile" àti "cretin" ò tíì bọ́. "Spastic" ló tún burú jù: àwọn ọmọ ilé ìwé fi ṣe èébú débi pé Spastics Society, ẹgbẹ́ tó ń ran àwọn tó ní cerebral palsy (àìlera tí kì í jẹ́ kí iṣan ara ṣiṣẹ́ dáadáa) lọ́wọ́, pa orúkọ dà sí Scope ní 1994. Bí arúgbó òyìnbó bá ń sọ ọ́, ẹ má bá a sọ ọ́.

Ẹ tún mọ ìyàtọ̀ "twit" sí "twat". Fáwẹ̀lì kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ti àkọ́kọ́ ṣeé sọ níwájú pásítọ̀. Ìkejì, ojú ara obìnrin ni. David Cameron, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú Conservative nígbà náà, sọ ọ́ lórí rédíò ní 2009, ó sì ní láti tọrọ àforíjì. Ẹni tí ahọ́n rẹ̀ ò bá dá lójú, kó fi méjèèjì sílẹ̀.

Ará titun, Sheffield
Ẹ ṣé gan-an. "Cheeky monkey" ńkọ́? Èwo ló sì yẹ ká fi sùn?

Aṣojú òṣìṣẹ́, Manchester
Ọ̀rọ̀ ìkẹ́ ni "cheeky monkey" láàárín òyìnbó, ọmọ tó ń ṣe àfojúdi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí. Tó bá kan èèyàn dúdú, a mọ ìtàn ọ̀rọ̀ ọ̀bọ yẹn, àwọn náà sì mọ̀ ọ́n. Ẹ sọ fún un lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Please don't call me that." Ọ̀pọ̀ á tọrọ àforíjì lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó bá tún sọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an: ọ̀rọ̀ tó sọ ní pàtó, déètì, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó gbọ́.

Ohun tí òfin Equality Act 2010 ń wò ni bóyá èébú náà fọwọ́ kan àwọ̀ ara, ọjọ́ orí, ẹ̀sìn, àbùkù ara, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti irú wọn. "Wally" àti "pillock" ò kan ìkankan níbẹ̀, ẹ ò lè fi àwọn nìkan rojọ́ lábẹ́ òfin yìí. "Old git" (arúgbó burúkú) kan ọjọ́ orí. "Bint" kan obìnrin. Ọmọbìnrin ni lédè Lárúbáwá, ìfojú-tẹ́mbẹ́lú ló dà lẹ́nu òyìnbó, Ofcom, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sì kà á sí èyí tó le ju "git" lọ nínú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní 2016. Orí pípá náà wọ̀ ọ́: ní 2022, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ iṣẹ́ kan sọ pé fífi orí pípá bú ọkùnrin jẹ́ ìyọlẹ́nu nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin. "Àwàdà ni mo ń ṣe" kì í fi bẹ́ẹ̀ gba èèyàn sílẹ̀, torí wọ́n máa ń wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà ṣe fún ẹni tó gbọ́ ọ. Tí ọ̀gá ò bá ṣe nǹkan kan, Acas, àjọ tó ń gbani nímọ̀ràn lórí aáwọ̀ ibi iṣẹ́, ni kí ẹ pè, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, gbèdéke ọjọ́ wà.

Nọ́ọ̀sì, Leeds
Ti àwọn tí a ń tọ́jú tún yàtọ̀ sí ti ẹlẹgbẹ́ wa. Ẹ má kọ "he was abusive" sínú ìwé àkọsílẹ̀ kí ẹ sì dákẹ́. Irú èyí ló wúlò: aago 7:40 òwúrọ̀, nígbà tí mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì fún un, ó ní "bloody pillock", ó sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ẹni tó bá ka èyí á ti yẹ ẹsẹ̀ òsì wò. Bí ìyá tó máa ń pe gbogbo ènìyàn ní "silly sausage" bá dédé ń sọ èébú burúkú láàárín ọjọ́ kan sí méjì, tí orí rẹ̀ tún dàrú, ẹ yára sọ fún dókítà. Ó lè jẹ́ àkóràn nínú ìtọ̀, ìgbẹ́ tó há, tàbí ìrora tí kò lè ṣàlàyé.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì, Peckham
Fún èyí tó fúyẹ́, "Charming!" ni ìdáhùn tó dára jù. Ẹ fa ohùn "cha" gùn díẹ̀, kí ojú yín má rẹ́rìn-ín. Àwọn arúgbó fẹ́ràn rẹ̀.

(Èyí ò kan iṣẹ́ o: wọn kì í gba "git" nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn. Ó wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí Spíkà ti kọ̀ rí, òun àti "guttersnipe", "swine" àti "stoolpigeon". Wọ́n sì lé aṣòfin Dennis Skinner jáde ní 2016 torí ó pe David Cameron, olórí ìjọba nígbà náà, ní "Dodgy Dave" (Dave oníjìbìtì).)

Ará titun, Sheffield
Ó ku "silly moo".

Nọ́ọ̀sì, Leeds
"Cow" (màlúù, èébú tí wọ́n fi ń bú obìnrin) tí wọ́n dẹ̀ lóhùn ni, eré tẹlifíṣọ̀n Till Death Us Do Part ló gbé e jáde láàárín àwọn ọdún 1960 sí 1969. Ẹnu àwọn obìnrin tó ti mọra wọn tipẹ́ ló ti ń dùn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má dá èyíkéyìí nínú wọn padà, kódà tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín tí arúgbó náà ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti kọ́rídọ̀ ò ní rí ẹ̀rín, "silly" ló máa gbọ́, safeguarding, àwọn tó ń dáàbò bo àwọn tí a ń tọ́jú, ló sì máa pè.