Hibernate ń gba kọ́sítọ́mà tuntun, ó ń lé ti àtijọ́ padà

OmoPanseke:
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí o. Áàpù kékeré kan ni mò ń ṣe fún àǹtí mi tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú, kí wọ́n lè yéé kọ orúkọ àwọn tó jẹ wọ́n lówó sẹ́yìn páálí. Spring Boot (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ áàpù Java) àti Hibernate (èyí tó ń bá a kó dátà sínú database) ni mo lò, mo fi @ManyToOne (ọ̀pọ̀ Order fún Customer kan) so Order, ìyẹn ọjà tí wọ́n rà, mọ́ Customer tó rà á. Níbẹ̀rẹ̀, tí mo bá ti fẹ́ save, á ní "object references an unsaved transient instance", mo wá lọ gúgù, ẹnì kan ní kí n fi cascade = CascadeType.ALL sí i, kí ohun tí mo bá ṣe sí Order máa kan Customer rẹ̀ náà, mo fi sí i, ó sì ṣiṣẹ́! Àfi lánàá tí ẹni tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ wá ra kàm̀pálà márùn-ún, wọ́n tẹ save báyìí, ó ní "detached entity passed to persist: Customer". Wọ́n ti padà sídìí páálí wọn.

BabaKoodu:
Cascade yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Wò ó, bí ìkómọ ni persist, ìyẹn kíkó ohun tuntun sínú database, rí. Customer tí ò tíì ní ID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ nínú database), ọmọ tuntun ni, ìdí nìyẹn tí Hibernate fi kọ́kọ́ pariwo, o fẹ́ so Order mọ́ ẹni tí òun ò tíì sọ lórúkọ. O wá fi cascade sí i, ó wá di pé gbogbo Customer tó bá tẹ̀lé Order wọlé ni wọ́n ń ṣe ìkómọ fún. Ẹni tó ti ní ID látọjọ́ yìí, tí Hibernate ń pè ní detached, ńkọ́, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, o tún gbé e wá fún ìkómọ? Yọ cascade yẹn kúrò jàre. Tó bá ní ID, fi findById wá a jáde kóo tó fi setCustomer so ó mọ́ Order, tí ò bá ní, save Customer ná kó tó kan Order. Kóo fi @Transactional sórí method yẹn o, kí ọ̀kan má bàa wọlé kí ìkejì já.

Segun_dev:
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kó má kàn lo merge ni? Òun lèmi ń lò síbi gbogbo.

AbikeKoodu:
Ha, merge ti fojú mi rí màbo. Tó bá jẹ́ ID àti orúkọ nìkan ló wà nínú Customer tó ti inú fọ́ọ̀mù wá, merge á kó o lé ti inú database lórí bó ṣe rí, ibi tó ṣófo náà á bá a lọ, nọ́ńbà fóònù á di null (òfìfo), kò sì ní mú error kankan wá, ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀. ALL tún ní REMOVE nínú, ẹ pa Order kan rẹ́, á fẹ́ pa Customer náà mọ́ ọn.

OmoPanseke:
Ẹ ṣé gan-an, mo ti yọ cascade, findById ti ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo ti fi merge dán an wò lóru àná kí n tó wá síbí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé nọ́ńbà èèyàn mẹ́ta ti di null. Ẹ̀yìn páálí ni mo ti lọ kọ ọ́ padà, àǹtí mi sì ń fi mí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní páálí tàwọn kì í gbàgbé nọ́ńbà.