Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, kí ló wà láàárín ilé yín àti ibi tí ẹ ti ń wọkọ̀?

Ará Ìkìjà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò ìlú wa yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́, iye owó ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ, tàbí pé mọ́tò ò tó. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n béèrè bí èèyàn ṣe ń dé ìdí ọkọ̀ náà.

Ìkìjà ni mò ń gbé, nítòsí Olúmọ. Bí mo bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, mò ń wo òrùlé páànù Ìtòkú nísàlẹ̀. Àmọ́ kí n tó dé ìsàlẹ̀ yẹn, màá gba orí àpáta, màá gba orí àtẹ̀gùn sìmẹ́ńtì tí àwọn onílé fúnra wọn ṣe, tí gíga ọ̀kan ò bá ti èkejì dọ́gba, màá gba ẹ̀yìnkùlé onílé, màá wá fo gọ́tà tí kò lọ́mọrí. Lẹ́ẹ̀rùn, a máa ń fara dà á. Bí òjò bá ti rọ̀, gbogbo rẹ̀ á máa yọ̀. Màámi, tí orúnkún ń dà láàmú, ò lè fẹsẹ̀ sọ̀ ọ́ mọ́. Ọ̀kadà ló ń gbà yípo gbé wọn, owó tó sì ń gbà láti gbé wọn gòkè padà máa ń tó owó kórópe láti Ìtòkú dé Kútọ̀. Nígbà mìíràn, ó máa ń jù ú lọ. Wọ́n ti dín ìjáde kù báyìí, ìyẹn sì ń dùn mí gan-an, torí èèyàn ọjà ni wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ohun tí ojú tiyín rí.

Aláàdìrẹ, Ìtòkú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, ẹ bá mi kí Màámi. Tèmi jẹ́ ti ẹrù. Nígbà tí títì ṣì tín-ín-rín, mọ́tò tó bá gbé ìdì aṣọ funfun mi wá láti Kútọ̀, ẹnu ṣọ́ọ̀bù ló máa ń já mi sí. Nígbà tó yá, wọ́n fẹ ọ̀nà. Mọ́tò ń sáré, gosúlóò dínkù, mo dúpẹ́. Àmọ́ wọ́n fi kọnkéré pín títì náà sí méjì. Oníbàárà tó bá bọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì á rìn jìnnà kó tó ríbi kọjá, tàbí kó ki ẹsẹ̀ bọ àárín mọ́tò tó ń bọ̀. Àwọn àgbà obìnrin tó ti ń ra ọjà lọ́wọ́ mi tipẹ́ sọ fún mi lójú mi pé ọ̀dọ̀ ẹni tó wà níbi tí mọ́tò bá já àwọn sí làwọn ti ń rà báyìí. Mi ò lè bá wọn jà. Èmi náà ò ní fò ó.

Ìyá ọlọ́mọ, Àsẹ́rò

Ti ọmọrí gọ́tà yẹn ni kí ẹ bá wa tẹnu mọ́. Mo pọn ọmọ sẹ́yìn, mo di èkejì lọ́wọ́ mú, kò síbi tí èmi àti ọmọ lè gbà láàárín gọ́tà àti mọ́tò. Mo máa ń wọ Márúwá lọ síbi tó yẹ kí n fẹsẹ̀ rìn dé.

Ọmọ Aké

Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ti kẹ̀kẹ́ ológeere. Mo kàwé ní Paris. Ní oṣù keje ọdún 2007 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò kẹ̀kẹ́ àjọlò kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Vélib'. Èèyàn á mú kẹ̀kẹ́ ní ibùdó kan, á gùn ún, á dá a padà sí ibùdó mìíràn tó bá sún mọ́ ibi tó ń lọ. Ilé alájà márùn-ún, mẹ́fà, tí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀ wọn, ló kún ìgboro ibẹ̀. Èrò wà níbi gbogbo, ìyẹn ni wọ́n fi lè to àwọn ibùdó náà sún mọ́ra, bí 300 mítà síra wọn.

Orí òkè ni wàhálà wà. Àdúgbò Montmartre àti Belleville ga. Láàárọ̀, àwọn ará òkè á gun kẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, nírọ̀lẹ́ wọ́n á bá Métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, padà. Ibùdó tòkè á ti ṣófo láàárọ̀ kùtù, tìsàlẹ̀ á sì kún débi pé ẹni tó fẹ́ dá kẹ̀kẹ́ padà ò ní ríbi fi í sí. Mọ́tò akẹ́rù ló ń kó wọn gòkè padà. Ni wọ́n bá fi ẹ̀bùn sí i: ẹni tó bá dá kẹ̀kẹ́ padà sí ibùdó orí òkè, tó ga ju 60 mítà lọ, á gba ìṣẹ́jú 15 kún àkókò tó lè fi gun kẹ̀kẹ́ láìsanwó. Láti 2018, wọ́n ti fi kẹ̀kẹ́ oníná kún un, tí ẹ́ńjìnnì kékeré ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́.

Òkè Aké ló máa ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá rí ibùdó òfìfo Belleville. Ẹni tó bá gbé kẹ̀kẹ́ àjọlò wá sí ìlú wa tí kò ronú òkè, ìsàlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ á kóra jọ sí kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ọlọ́kadà, Ṣàpọ́n

Ọmọ Aké, òótọ́ lo sọ. Bó ṣe rí fún àwa náà nìyẹn. Bí mo bá dúró lókè láàárọ̀, mi ò ní rí èrò, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń wá wa, nísàlẹ̀, tẹrùtẹrù. Ìdí tí ẹ fi ń rí wa tí a tò sí ìsàlẹ̀ òkè nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé a ń dí ọ̀nà, ẹ wo ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀. Ibi tí kórópe ti ń padà sẹ́yìn ni iṣẹ́ tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Jíà kìíní ni mo fi ń gùn ún tán, ó sì ń mu epo. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, mi ò lè gba iye tí mò ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ má bínú, Ará Ìkìjà. Mo mọ̀ pé ó ń ni Màámi lára.

Akẹ́kọ̀ọ́, Alábàtà

Ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, FUNAAB, tó 10,000 hẹ́kítà, ilé ìkẹ́kọ̀ọ́ sì jìnnà síra. Àwa ò ní òkè bíi ti ìgboro. Kẹ̀kẹ́ ológeere á ṣiṣẹ́ níbí, bí wọ́n bá gbin igi tó ní ibòji sẹ́bàá ọ̀nà.

Òṣìṣẹ́ Èkó, Òkè-Ìlẹ̀wọ́

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn yìí dọ́kàn. Ọ̀nà náà gùn ní kìlómítà 157, oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Mò ń jókòó, mò ń kàwé, kò sí súnkẹrẹ fàkẹrẹ. Ibùdó tiwa, tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ, Láderin ló wà, lẹ́yìn ìlú. Mo mọ ohun tó fà á: ọkọ̀ tó ń sáré kò lè gba kọ́nà tó ṣẹ́ gọọrọ, àárín ìlú wa sì kún fún àpáta àti ilé. Àmọ́ bí a bá sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fẹsẹ̀ relé. Gbogbo wa la ń sáré lọ bá ọkọ̀ tó wà níta, ẹni tó bá kẹ́yìn lálẹ́ á san iye tí wọ́n bá pè.

Ẹ fi wé Láfẹ́ńwá. Ibùdó rélùwéè àtijọ́ àti ọjà jọ wà níbẹ̀ ni. Bàbá wa àgbà máa ń sọ pé àwọn ìyálọ́jà á sọ ẹrù kalẹ̀ láti inú rélùwéè, wọ́n á sì tẹ́ ẹ síbẹ̀. Bákan náà ni Agbádó, níbi tí ọkọ̀ ojú irin Red Line ti ìjọba Èkó ti ń gbéra láti oṣù kẹwàá ọdún 2024: àárín ilé àti ìsọ̀ ló wà, èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn wọ̀ ọ́. Bí wọn ò bá lè gbé ibùdó wa wọ ìlú, kí kórópe kan máa dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Láderin, kó máa lọ tààrà sí Kútọ̀ ní iye tí gbogbo èèyàn mọ̀.

Ará Ìkìjà

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́kadà, mi ò bínú rárá. Mo ti ka ohun tí ẹ kọ fún Màámi, wọ́n ní kí n kí yín. Ládùúgbò wa, a ti ń dáwó láti tún àtẹ̀gùn yẹn ṣe, kí gíga wọn dọ́gba, ká sì fi irin ìdìmú sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bíríkìlà sọ pé sìmẹ́ńtì ò ṣòro, lílu ihò sára àpáta fún irin ló máa nira. Ẹni tó bá mọ wẹ́dà tó ti ṣe irú rẹ̀ rí, ní Ìkìjà tàbí níbòmíràn, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.